Ẹ̀jẹ̀ Ara Ẹni Ni Oògùn: Ìtàn Bí Ojú Eyín Ṣe Ń Jinná, Láti Ìgbà Omi Ìgbín Dé Ìgbà PRF

  Nínú ìwé ìrántí wa ọdọọdún, ìtàn àwọn ọba, ìtàn àwọn òṣómàáló tó gbé aṣọ lérí káàkiri, àti ìtàn ẹgbẹ́ wa ni a sábà máa ń kà. Ti ọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ìtàn ihò eyín ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rẹ́rìn-ín. Ó ṣòro kí á rí agbo ilé kan láàárín wa tí kò ní ẹnì kan tó ń fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lóru, tó ń lo oògùn ìrora tí ó rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, tó sì ń búra pé òun kò ní lọ yọ eyín náà. Bí a bá bi í léèrè dáadáa, yíyọ gan-an kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, nítorí abẹ́rẹ́ tó ń mú ibẹ̀ kú ti wà tipẹ́. Ohun tó ń tẹ̀ lé yíyọ ló ń bẹ̀rù: ẹ̀jẹ̀ tí kò tètè dá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú bí ẹni fẹ́ fèrè, ìrora tó ń gún etí ní ọjọ́ kẹta. Olúkúlùkù ló ní ìtàn aládùúgbò kan tí ó fi ń ti ẹ̀rù rẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí á kọ ìtàn bí aráyé ṣe wá mọ ohun tó ń wo ihò eyín sàn, àti bí ìmọ̀ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti gbìyànjú, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni oògùn tó pẹ́ jù lọ kí wọ́n tó dá a mọ̀.

Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣeré. Orín ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀: orín àtà tó ń ta ẹnu, pákò Ìjẹ̀bù, àti igi ewúro fún ẹni tó bá lè fara da kíkorò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn igi wọ̀nyí ní làákàyè nínú, kí ó rántí pé ní 1971, àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀ kọ̀wé pé omi gbòǹgbò igi orín àtà lè dá ìrísí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní àrùn foníkú-fọ̀la-dìde padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ nìyẹn náà, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn ni.

Bí eyín bá ń dun ènìyàn, wọ́n á ní akokoro ló ń jẹ ẹ́. Wọ́n gbà pé kòkòrò kan ló wọ inú eyín tó ń gé e jẹ. Àwa nìkan kọ́ la ro bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ kọ irú ìgbàgbọ́ yìí sílẹ̀ sórí amọ̀, ilẹ̀ Yúróòpù náà sì dì í mú títí di ìgbà tí ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Pierre Fauchard, kọ ìwé ńlá lórí ìtọ́jú eyín ní 1728, tó sì sọ pé òun wá kòkòrò náà títí, òun kò rí i.

Ní ti ọgbẹ́, àwọn àgbà ní ọ̀nà tiwọn. Olóólà tó dá abẹ́ fún ọmọ tàbí tó kọ ilà fún un mọ̀ pé omi ìgbín ni òun yóò kán sí ojú ibẹ̀ kí ó lè rọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi àdá ṣá ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lóko á já ewé kan tó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà, á fi ọwọ́ rà á, á fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Ewé yìí ni àwọn kan ń pè ní ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀; ẹgbẹ́ tí bàbá ẹni ń bá ṣe nígbà náà ló ń pinnu orúkọ tí wọn yóò pè é nínú ilé. Kì í tilẹ̀ ṣe ewé ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, ó sì wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1937, kó tó gba gbogbo oko lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣàkíyèsí ni pé gbogbo ìtọ́jú wọ̀nyí, láti orí ìgbín dé orí ewé, wọ́n ń wá ohun kan láti ìta tí wọn yóò fi sí ojú ọgbẹ́. Ẹnu kò sì dà bí ẹsẹ̀. A kò lè fi aṣọ di inú ẹnu. Itọ́ wà níbẹ̀, oúnjẹ ń gba ibẹ̀ kọjá, ahọ́n kò sì jẹ́ kí ibẹ̀ sinmi.

Báwo ni ihò eyín ṣe ń jinná nígbà náà? Bí wọ́n bá ti yọ eyín, ihò tó kù sílẹ̀ nínú egungun párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń kún fún ẹ̀jẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ náà yóò dì, bí ìgbà tí ẹ̀kọ bá tutù sínú ewé. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ni ìdérí àkọ́kọ́ tí ara ṣe fún egungun tó ṣí sílẹ̀. Òun náà ni àkàbà tí ẹran tuntun yóò gùn wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹran tútù á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, erìgì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ojú dé. Ṣùgbọ́n egungun kò ní kún ihò náà tán títí di oṣù mélòó kan.

Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà sí ìdọ̀tí. Wọ́n á dé ilé láti ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n á bu omi iyọ̀ gbígbóná, wọ́n á yọ ọ́ lẹ́nu kíkankíkan, wọ́n á tu ú dànù. A mọ àwọn tó fi ògógóró yọ ẹnu pé kí ó lè pa kòkòrò. A mọ àwọn tó fi ìgbálẹ̀ kan nǹkan dúdú náà jáde nítorí pé ó ń rí wọn lára. Nígbà tí ìdérí bá ti ṣí, egungun wà ní ìhòòhò, afẹ́fẹ́ àti itọ́ ń kàn án, ìrora ńlá á sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, ẹnu á máa rùn, oògùn ìrora kò sì ní ràn án. Ihò gbígbẹ ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Láti 1896 ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, J. Y. Crawford, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé. Fún eyín lásán, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn bí 1 sí 5 nínú 100. Ṣùgbọ́n fún eyín ẹ̀yìn ti ìsàlẹ̀ tó máa ń hù kẹ́yìn gbogbo eyín, láàárín ọdún 17 sí 25, tí wọ́n sábà máa ń gé erìgì àti egungun kí wọ́n tó lè yọ ọ́, àwọn ìwádìí kan bá a lára ènìyàn tó tó 30 nínú 100.

A kò fi gbogbo ẹ̀bi lé aláìsàn lórí o. Sìgá mímu, ìnira tí wọ́n fi yọ eyín náà, àti kòkòrò tó ti wà nínú erìgì tẹ́lẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Àwọn tó ń yọ eyín lẹ́bàá ọ̀nà láìní ìwé ẹ̀rí, tí wọn kì í se irin iṣẹ́ wọn, ń dá kún un, wọ́n sì lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí HIV ran ènìyàn lọ́jọ́ kan náà.

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Òyìnbó fi ń du bí ìrora yíyọ ṣe máa dín kù, tí wọn kò sì ronú púpọ̀ nípa ihò tó kù. Ní 16 October 1846, ní ìlú Boston, oníṣègùn eyín kan tó ń jẹ́ William Morton fi ether mú kí ọkùnrin kan sùn kí wọ́n tó gé kókó kúrò ní ọrùn rẹ̀, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní 1905, novocaine tí Alfred Einhorn ṣe ní Jámánì bọ́ sí ọwọ́ àwọn oníṣègùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹkún yíyọ eyín ṣe rọlẹ̀. Ìtọ́jú ihò fúnra rẹ̀ kò kọjá òwú: gé òwú, fi dí i, sọ fún aláìsàn pé kí ó fi eyín tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ojú rí òṣìṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ dídì ni Giulio Bizzozero, ọmọ Ítálì, ní ìlú Turin. Ní 1882 ó fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wo ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń ṣàn nínú iṣan wẹ́wẹ́ ẹranko tó wà láàyè. Àwọn onímọ̀ mọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa àti funfun tẹ́lẹ̀. Bizzozero rí ẹ̀kẹta, wẹ́wẹ́, tí ó kéré sí pupa púpọ̀. Nígbà tí ó sì ṣe iṣan náà léṣe, àwọn wẹ́wẹ́ yìí sáré péjọ síbi tó bàjẹ́, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wọ́n dí i. Platelet ni orúkọ wọn lónìí. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí píìnì lọ, 150,000 sí 400,000 wọn ló wà níbẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, kò sì sí èyí tó ń lò ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ láyé kí ara tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti péjọ tán, èròjà kan nínú omi ẹ̀jẹ̀ á wá di okùn tín-ín-rín, á hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n apẹja, á kó platelet àti sẹ́ẹ̀lì sínú. Okùn yìí ni fibrin. Ẹni tó bá ti rí obìnrin tó ń di gèlè, tó ń fi etí kan bọ inú èkejì kí ó má bàa tú, ti rí bí fibrin ṣe ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó yá ni wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ platelet kò parí sí ibi dídí ojú ọgbẹ́. Ó ní àwọn èròjà nínú àpò rẹ̀ tí ó máa ń tú síta, tó ń ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì tuntun wá, tó ń sọ fún iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pé kí ó hù, tó ń sọ fún ẹran pé kí ó dàgbà. Ibi tí ìtàn wa ti yí padà nìyí. Bí platelet bá ní irú agbára yìí, ṣé a kò lè kó wọn jọ púpọ̀ sí ojú ibi tí a fẹ́ kó jinná?

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú gba ọ̀nà jíjìn. Ní 1970, Hélène Matras ní Vienna kọ̀wé lórí fífi fibrin ṣe bí àtè láti fi lẹ ẹran ara pọ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n dà pọ̀ ni wọ́n ti ń yọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ní àrùn ẹ̀dọ̀ nínú wọn lè kó o ran gbogbo ẹni tó bá lò ó. Ní 1977 ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fibrinogen, èyí tó jẹ́ ìyá fibrin, nítorí ewu yìí gan-an.

Lẹ́yìn náà ni èrò wá lọ sórí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní 1998, Robert Marx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Miami, ní Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn 88 tí wọ́n ń tún egungun párì wọn ṣe. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fi ẹ̀rọ yí i kí platelet lè kó ara jọ sínú omi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì pò ó mọ́ egungun tí wọ́n fi ń dí àyè tó ṣófo. Egungun àwọn tí wọ́n fi sí tètè dàgbà ju ti àwọn tí wọn kò fi sí lọ. PRP ni wọ́n ń pe èyí, tó túmọ̀ sí omi ẹ̀jẹ̀ tó kún fún platelet. Gbogbo ayé ìṣègùn eyín gbé e. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní láti fi oògùn tí kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú ìgò. Wọ́n á yí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi oògùn mìíràn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí i, èyí tí wọ́n sábà máa ń mú láti ara ẹ̀jẹ̀ màlúù, kí ó lè di bí ọ̀gbọ̀lọ́. Ara àwọn kan sì ń bá èròjà ti màlúù yìí jà.

Ní 2001 ni dókítà kan ní ìlú Nice, ní ilẹ̀ Faransé, Joseph Choukroun, bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà lè bi: kí ló dé tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́kun pé kó má dì, tí a ó tún wá bẹ̀ ẹ́ pé kó dì? Òfin ilẹ̀ Faransé kò fẹ́ kí dókítà máa po nǹkan mọ́ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wù ú, ìyẹn náà sì ti Choukroun sí ọ̀nà kúkúrú. Kò fi oògùn kankan sínú ìgò. Ó fa ẹ̀jẹ̀, ó gbé e sínú ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, ó jẹ́ kí ó dì fúnra rẹ̀ bó ṣe ń yí. Ohun tó yọ jáde ló sọ ní PRF: fibrin tó kún fún platelet. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó ló wà nínú àpò ṣòkòtò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ láti apá aláìsàn sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba mílílítà 10, ìyẹn bí síbí ìpo-tíì méjì. Wọ́n lè fa ju ìgò kan lọ bí ibi tí wọ́n fẹ́ dí bá tóbi. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì ni ìgò gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀jẹ̀ á dì bó ṣe wù ú. Ní ìlànà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà ń yí bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 10. Àwọn mìíràn ń lo 2,700 fún ìṣẹ́jú 12. Bó bá dúró, ẹ̀ka mẹ́ta á hàn nínú ìgò: sẹ́ẹ̀lì pupa nísàlẹ̀, omi pupa rúsúrúsú tó mọ́ lókè, àti láàárín wọn ohun kan tó dì, tó funfun díẹ̀, tó rọ̀ bí wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ohun àárín yìí ni PRF. Dókítà á fi ìmúga mú un, á gé pupa kúrò nídìí rẹ̀, á fi sínú ihò eyín, tàbí kí ó rọra tẹ̀ ẹ́ títí á fi fẹ̀ bí aṣọ pẹlẹbẹ, á fi bo ojú ibẹ̀, á sì rán erìgì pa dé. Nítorí pé ara rẹ̀ ló fúnra rẹ̀ hun ún láìyára jù, kò ní tètè yọ́ dànù. Ó lè máa tú àwọn èròjà ìwòsàn sí ojú ibẹ̀ fún ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ronú sí ohun tí ìyẹn ń béèrè: ẹ̀rọ kékeré kan tó lè wà lórí tábìlì, ìgò mímọ́, abẹ́rẹ́, àti iná mànàmáná fún ìṣẹ́jú 12. Ní ìlú tí a wà yìí, a mọ̀ pé iná ìṣẹ́jú 12 kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ lè gbé e. Kò béèrè oògùn tó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfurufú wá, kò sì béèrè ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Lójú tiwa, ohun tó mú kí PRF tètè tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa nìyí. Ní 2006, Choukroun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àpilẹ̀kọ márùn-ún jáde tẹ̀ léra wọn nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí apá ibi tí wọn kò ti gbìyànjú rẹ̀. Ní 2014 wọ́n tún gbé ìlànà mìíràn jáde tó ń yí ẹ̀jẹ̀ lọ́ra, 1,500 fún ìṣẹ́jú 14, kí sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ lè kù nínú rẹ̀.

Báwo ló ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa? Kí á kọ́kọ́ rántí bí ìtọ́jú ẹnu ṣe wà. UCH Ìbàdàn tó ṣí ní 1957 ni ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà. Láti ìhà ibí dé Ìbàdàn nígbà náà, Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́ àti Ifẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà kọjá, ẹni tí párì rẹ̀ fọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ sì mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe gùn tó. Ní Benin, Central Hospital tó wà ní Sapele Road ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa mọ̀. Ilẹ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ iṣẹ́ mìíràn nígbà tó yá. Ní 1973, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Ogbemudia ní ìpínlẹ̀ Midwest, ni ilé ìwòsàn ńlá tí a mọ̀ sí UBTH ṣí ní Ugbowo. Yunifásítì Benin sì wá ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà eyín, pẹ̀lú àwọn tó mọ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti párì ní pàtàkì. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ kí ará Ugbowo tàbí ará Uselu wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn nítorí eyín ẹ̀yìn tó dùbúlẹ̀ nínú egungun.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, Ilé-Ifẹ̀ ni ìwádìí kan ti wáyé tí ó yẹ kí á mẹ́nu bà. Ní 2011, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tẹ àbájáde kan jáde nínú ìwé ìròyìn àgbáyé lórí àwọn tí wọ́n yọ eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ fún. Wọ́n fi PRP tó ti dì bí ọ̀gbọ̀lọ́ sínú ihò àwọn kan, wọn kò fi sí ti àwọn mìíràn, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ wọn pé ó ran ìwòsàn ihò náà lọ́wọ́. Àwọn tó gba ìtọ́jú náà jẹ́ ará ilé wa, àwọn tó ń jẹ iyán àti ẹ̀bà bíi tiwa, kì í ṣe àwọn ará Miami.

Lẹ́yìn náà ló kan Benin. Ní 2022, àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu láti ìlú yìí tẹ ìwádìí kan jáde nínú West African Journal of Medicine. Wọ́n fi PRP àti PRF wé ara wọn lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ fún: ìrora, wíwú ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti bí ẹnu ṣe lè là tó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ṣe é ní ọ̀nà tí aláìsàn kò fi mọ èyí tí wọ́n fi sí òun lẹ́nu, tí ẹni tó ń wọn wíwú náà kò sì mọ̀, kí ojú àánú má bàa wọ inú ìṣirò. Ìyẹn ni pé ohun tí dókítà kan bẹ̀rẹ̀ ní Nice ní 2001 ti di ohun tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n wọ̀n ní Benin láàárín ọdún 21. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba iwájú ẹnu ọ̀nà UBTH lọ sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kò gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé idán ni. Bí a bá kó àwọn ìwádìí jọ láti ilẹ̀ púpọ̀, ohun tí wọ́n sábà ń fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé lẹ́yìn yíyọ eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, PRF ń dín ìrora kù, ó sì ń dín ihò gbígbẹ kù. Ní ti pé ṣé ó ń mú kí egungun tètè kún ihò náà, ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí wọ́n yọ eyín iwájú kan ṣoṣo tó ti ń mì tẹ́lẹ̀, kò nílò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì tirẹ̀ tó o, bí ó bá sáà jẹ́ kí ó jókòó. Ibi tó ti wúlò ni eyín tó le, egungun tí wọ́n gé, ihò ńlá tí wọ́n fẹ́ fi eyín àtọwọ́dá kàn lé lọ́jọ́ iwájú, tàbí ẹni tí dókítà mọ̀ pé ọgbẹ́ rẹ̀ kì í tètè jinná. Owó tún wà níbẹ̀. Ìgò àti iṣẹ́ rẹ̀ ń fi kún owó iṣẹ́ abẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iye rẹ̀, kí ó béèrè kí ó tó jókòó sórí àga.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dí i lọ́wọ́, èyí tí a rí ju ti owó lọ. Ẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ni. Láàárín wa, bí nọ́ọ̀sì bá ti mú ìgò dání, àwọn kan á ti dìde. Wọ́n á ní wọ́n fẹ́ tà á ni, wọ́n á ní wọ́n fẹ́ fi ṣe nǹkan. Ìyá àgbà á béèrè pé, "Dókítà, ẹ̀jẹ̀ mi tí ẹ gbà yìí, ibo lẹ ń gbé e lọ?" Ìbéèrè tó dára ni, kì í sì ṣe àrífín láti béèrè rẹ̀. Ìdáhùn tó yẹ kí Màmá gbọ́ ni pé: "Kò lọ sí ibì kankan, Mà. Ẹ̀rọ tó wà níwájú yín yìí ló ń lọ, inú ẹnu yín náà ló sì ń padà sí." Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ní ilé ìwòsàn, èyí nìkan ni olóhun lè fi ojú tẹ̀ lé láti apá dé ẹnu láàárín wákàtí kan. Àwọn tí ìgbàgbọ́ ẹ̀sìn wọn ní ohun tí ó sọ nípa lílo ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ṣáájú, nítorí iṣẹ́ abẹ náà ṣeé ṣe láìsí PRF.

Kí àwọn tó ń lo oògùn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, bíi aspirin tàbí warfarin, má ṣe fi pamọ́, kí wọ́n má sì dá a dúró fúnra wọn láìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tó jẹ́ SS, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá bó bá fara gbọgbẹ́ láti kékeré. Dókítà kò lè rí èyí lójú ènìyàn. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

Yálà wọ́n fi PRF sí i o, tàbí wọn kò fi sí i, ohun kan náà ni ihò eyín ń fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ènìyàn fi eyín tẹ òwú náà fún bí ìṣẹ́jú 30. Kí ó má yọ ẹnu rárá títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, kí ó má tutọ́ tagbáratagbára, kí ó má fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò pẹ̀lú pọ́npọ́n ìfàmu, kí ó má fi ahọ́n tàbí igi tọ ibẹ̀, kí ó sì gbàgbé sìgá. Ẹ̀kọ mímu tó ti tutù dára ju ẹran dídín lọ. Láti ọjọ́ kejì, omi iyọ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́ lè wọ ẹnu, ṣùgbọ́n kí ó kàn jẹ́ kó rọra yí káàkiri, kí ó sì jẹ́ kó dà jáde fúnra rẹ̀. Bí ìrora bá ń lọ sílẹ̀, tí ó wá ṣàdédé padà ní ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin pẹ̀lú òórùn, kí ó padà sí ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Wọn yóò fọ ihò náà, wọn yóò fi oògùn tó ń mú ìrora rọlẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì lè pọn dandan kí ó padà wá ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ibẹ̀ tó balẹ̀.